Wíwo Ẹyẹ Etí Omi àti Yíya Fọ́tò Wọn ní Ẹnu Odò Thames: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ará ilé ní Thamesmead, Dagenham àti Southend, lẹ́bàá odò Thames ní England, máa ń bi mí ní àwọn ìbéèrè yìí lemọ́lemọ́ tí wọ́n bá ti rí mi tí mo gbé awò olójú méjì kọ́rùn. Mo kó wọn jọ kí ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lè rí gbogbo rẹ̀ lójú kan.

Irú ẹyẹ wo gan-an ni ẹ máa ń lọ wò? Ṣé lékeléke ni?

Rárá o. Ẹyẹ funfun tó jọ lékeléke tí ẹ máa ń rí létí Thames, little egret ni wọ́n ń pè é. Ìbátan lékeléke ni lóòótọ́, ẹja ló sì ń ṣọdẹ. Ní 1996 ló kọ́kọ́ pamọ ní Britain, ó sì ti wọ́pọ̀ gan-an báyìí.

Àwọn tí mò ń sọ ni àwọn ẹyẹ tó ń fi àgógó tú inú ẹrẹ̀ nígbà tí omi bá fà: redshank ẹlẹ́sẹ̀ pupa, dunlin kékeré tí kò wúwo ju nǹkan bí gíráàmù 50 lọ, curlew tí àgógó rẹ̀ gùn tó sì tẹ̀ wá sílẹ̀, oystercatcher dúdú òun funfun, black-tailed godwit ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, avocet, lapwing, grey plover, knot àti turnstone.

Kí ni wọ́n ń wá nínú ẹrẹ̀ tútù yẹn?

Oúnjẹ ni. Ẹrẹ̀ tí ẹ rò pé ó ṣófo yẹn kún fún ekòló òkun, ìgbín tíntìntín, cockle, akàn kéékèèké àti àwọn ohun wẹ́wẹ́ tó jọ edé. Omi iyọ̀ kì í tètè di yìnyín. Nígbà tí ilẹ̀ bá ti le koko ní Iceland àti ní àríwá Rọ́ṣíà, ẹrẹ̀ Thames ṣì rọ̀, àgógó ṣì lè wọ inú rẹ̀.

Kò fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Ní 1957, àwọn onímọ̀ Natural History Museum sọ pé odò Thames tó gba inú London kọjá ti kú, torí ìgbẹ́ àti ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ ti gba gbogbo afẹ́fẹ́ inú omi náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún àwọn ibùdó tí wọ́n ti ń fọ omi ìgbẹ́ mọ́ ṣe. Afẹ́fẹ́ padà sínú omi, ekòló padà, ẹja padà, ẹyẹ sì tẹ̀lé wọn. Ní 2023, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi àwọn ilẹ̀ àbàtà etíkun ìlà-oòrùn, láti Humber títí dé Thames, sára àwọn ibi tí wọ́n fẹ́ kí UNESCO kà sí ogún gbogbo ayé. Ó dùn mọ́ mi dénú pé ẹrẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa wà lára rẹ̀.

Ìgbà wo nínú ọdún ló dára jù?

Láti October títí di March ni wọ́n máa ń pọ̀ jù. Iceland, Greenland, Scandinavia àti àríwá Rọ́ṣíà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń pamọ. Ìgbà òtútù ni wọ́n máa ń wá lò lọ́dọ̀ wa.

Bó bá jẹ́ fọ́tò ni ẹ ń wá, ẹ má fojú fo ìparí April àti oṣù August. Ní April, àyà godwit á ti pọ́n, ikùn dunlin á ti dúdú. Láti July ni àwọn àgbà á ti máa padà dé, tí àwọ̀ náà á ṣì wà lára wọn. Nígbà tó bá fi máa di August, àwọn ọmọ tí wọ́n pa lọ́dún náà á dé, ìyẹ́ wọn á mọ́ tónítóní, ẹ̀rù ènìyàn kì í sì í bà wọ́n tó bẹ́ẹ̀. June ni ẹyẹ máa ń ṣọ̀wọ́n jù lórí ẹrẹ̀.

Mo lọ lẹ́ẹ̀kan, omi nìkan ni mo bá. Mo tún lọ, àwọn ẹyẹ jìnnà ju ohun tí ojú lè tó lọ. Kí ni n kò ṣe dáadáa?

Ẹ kò wo àkókò omi. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù tí mo kọ síbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé èyí. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi Thames ń kún tó sì ń fà. Láti ìgbà tó bá kún títí di ìgbà tó tún máa kún jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25. Nítorí náà, àkókò tí ẹ bá a lónìí, ó máa fi nǹkan bíi ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i lọ́la.

Bí omi bá fà tán ní Southend, ẹrẹ̀ á tẹ́ lọ ju kìlómítà kan lọ, ẹyẹ á sì tẹ̀lé etí omi lọ sọ́hùn-ún. Bí omi bá kún tán, ẹrẹ̀ á pòórá, ẹyẹ á lọ sinmi níbi tó ga. Àkókò tí ẹ fẹ́ ni wákàtí méjì sí mẹ́ta kó tó kún tán. Omi ń bọ̀, ó ń gba ẹrẹ̀ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń kó wọn bọ̀ lọ́dọ̀ yín níbi tí ẹ jókòó sí. Wákàtí méjì tó tẹ̀lé kíkún omi náà dára, torí ebi á ti máa pa wọ́n, wọ́n á sì já lu ẹrẹ̀ àkọ́kọ́ tó bá yọ.

Òṣùpá náà ní ọwọ́ nínú ẹ̀. Bí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tàbí tí òṣùpá bá di àrànmọ́jú, láàárín ọjọ́ kan sí méjì omi á kún kọjá bó ṣe ń kún, á sì fà kọjá bó ṣe ń fà. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, láàárín nǹkan bí agogo 12 sí agogo 2 ọ̀sán ni omi máa ń kún tán ní Southend, èyí tó rọrùn fún ẹni tó bá fẹ́ jáde láàárọ̀. Bí òṣùpá bá wà ní ìlàjì, omi kì í bo gbogbo ẹrẹ̀, ẹyẹ á sì fọ́n ká.

Ohun méjì ló ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Àkọ́kọ́, àkókò ibì kan kọ́ ni ti ibòmíràn: lẹ́yìn tí omi bá ti kún tán ní Southend, ó máa ń lé ní wákàtí kan kó tó kún tán ní London Bridge. Èkejì, GMT, ìyẹn àkókò ìgbà òtútù níbí, ni wọ́n fi ń kọ ọ̀pọ̀ ìwé àkókò omi, títí kan ìgbà ooru. Láti ìparí March sí ìparí October, ẹ fi wákàtí kan kún un, àfi tí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ti fi kún un. Ọ̀fẹ́ ni Port of London Authority, àjọ tó ń bójú tó odò náà, ń gbé àkókò omi Thames jáde.

N kò ní mọ́tò. Ibo ni mo lè lọ?

Crossness ni màá kọ́kọ́ dárúkọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Thamesmead níbi tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin Elizabeth line dé Abbey Wood, tàbí kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin mìíràn dé Belvedere, kí ẹ rìn dé ojú ọ̀nà Thames Path. Ẹ kò ní san kọ́bọ̀ láti dúró lórí ògiri odò náà. Bí omi bá ń fà, black-tailed godwit, dunlin, redshank àti lapwing á sọ̀ kalẹ̀ sórí ẹrẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yín. Ọ̀pọ̀ ló ń gbé ibẹ̀ fún ọdún púpọ̀ tí wọn kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn ògiri yẹn, ó sì máa ń dùn mí.

Ní òdìkejì odò, Rainham Marshes wà ní Purfleet, ọkọ̀ ojú irin c2c láti Fenchurch Street ń dé ibẹ̀. Pápá tí àwọn sójà ti ń kọ́ ìbọn yíyìn ni tẹ́lẹ̀. RSPB, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹyẹ ní Britain, rà á ní 2000, wọ́n sì ṣí i fún gbogbo ènìyàn ní 2006. Ọkọ̀ c2c náà lọ sí Leigh-on-Sea, tí ẹ ti lè rìn lọ sí Two Tree Island níbi tí avocet wà, ó sì tún lọ sí Southend. Afárá Southend tó wọ inú òkun lọ lé ní kìlómítà méjì, torí ẹrẹ̀ tó jìnnà yẹn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi lè súnmọ́ etíkun. Turnstone máa ń rìn káàkiri lórí pákó rẹ̀, lẹ́bàá ẹsẹ̀ àwọn tó ń jẹun.

Cliffe Pools ní Kent dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa nílò ẹni tó ní mọ́tò.

Ṣé kí n lọ wo ti Snettisham tí gbogbo ènìyàn ń sọ?

Bí ẹ bá ráyè, ẹ lọ. Ó wà ní Norfolk, létí apá òkun tí wọ́n ń pè ní The Wash, kì í ṣe ara Thames. Nígbà tí omi bá kún jù, knot ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá-mẹ́wàá á gbéra lójú kan náà, wọ́n á yí lójú ọ̀run, wọ́n á sì lọ bà létí adágún tó wà lẹ́yìn etíkun. Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ló ń ṣẹlẹ̀ o: RSPB máa ń kéde àwọn ọjọ́ tí omi á ga tó. Ẹ ti dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ṣé dandan ni kámẹ́rà olówó ńlá?

Kì í ṣe dandan. Awò olójú méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ 8x42 sí lára: ó ń mú nǹkan súnmọ́ ní ìlọ́po mẹ́jọ, dígí iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ tó mìlímítà 42, tó fi lè gba ìmọ́lẹ̀ dáadáa ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú. Ẹni tó bá ra kámẹ́rà ṣáájú awò máa ń ya ohun tí kò tíì mọ bí a ṣe ń wò.

Fún fọ́tò, lẹ́ǹsì 400mm (bí nọ́ńbà yìí bá ṣe pọ̀ tó ni lẹ́ǹsì ṣe ń fa nǹkan súnmọ́ tó) ni mo kà sí ìbẹ̀rẹ̀, 600mm dára jù ú lọ létí ẹrẹ̀. Kámẹ́rà tí lẹ́ǹsì rẹ̀ kì í yọ, tó ń fa nǹkan súnmọ́ gan-an, náà tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò sì wúwo. Ẹ wò ó ní àlòkù.

Fóònù nìkan ni mo ní ńkọ́?

Ẹ lọ bá turnstone lórí afárá Southend, fóònù tó fún un. Fún àwọn tó jìnnà, ẹ lè gbé fóònù sẹ́nu tẹlisíkóòpù tó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ń ta ohun tí wọ́n fi ń so méjèèjì pọ̀. Ẹ fà á súnmọ́ níwọ̀nba, kí ẹ sì lo àkókò ìdúró ìṣẹ́jú-àáyá méjì kí ọwọ́ yín má bàa mì ín. Ní ibi ìpamọ́ ẹyẹ, àwọn tó ní tẹlisíkóòpù kì í sábà kọ̀ tí ẹ bá ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ yọjú.

Gbogbo wọn ló ní àwọ̀ eérú lójú mi. Báwo ni mo ṣe máa dá wọn mọ̀?

Ẹ fi àwọ̀ sílẹ̀ ná, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń jẹun. Nínú ìgbà òtútù, eérú ni púpọ̀ nínú wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí méjì tó ń jẹun bákan náà.

Grey plover máa ń sáré díẹ̀, á dúró gbári, á wo ilẹ̀, á ṣá nǹkan, á tún sáré. Ojú ló fi ń ṣọdẹ, ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ fi tóbi tí àgógó rẹ̀ sì kúrú. Dunlin kì í dúró: ó tẹrí ba, ó ń gún ẹrẹ̀ lemọ́lemọ́, tòun ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Avocet ń fi àgógó rẹ̀ tó tẹ̀ sókè gbá omi sọ́tùn-ún sósì. Turnstone ń yí òkúta àti koríko òkun padà. Godwit ń ti àgógó bọ ẹrẹ̀ títí tí orí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé, curlew sì ń rìn pẹ̀lẹ́, á wá fa ekòló tàbí akàn yọ láti inú ihò tó jìn. Àgógó curlew lè tó sẹ̀ǹtímítà 15, ti abo sì máa ń gùn ju ti akọ lọ. Nítorí pé gígùn àgógó wọn yàtọ̀ síra, ohun tó wà lókè àti ohun tó wà nísàlẹ̀ ẹrẹ̀ kì í sábà dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn.

Ẹ mọ redshank dájú ṣáájú ẹyẹ yòókù, torí ibi gbogbo ló wà. Ẹ wá máa fi í wọn àwọn yòókù: ṣé ó kéré sí redshank, àbí ó tóbi jù ú lọ? Bí redshank bá fò, ìlà funfun gbòòrò á hàn lẹ́yìn apá rẹ̀. Òun ló sì máa ń kọ́kọ́ pariwo tó bá rí yín, tí gbogbo àwọn yòókù á sì mọ̀ pé ẹ ti dé.

Ṣé àwọn ẹyẹ yìí ń dé ilé wa ní Nàìjíríà?

Àwọn kan ń dé ibẹ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, common sandpiper tó ń mi ìdí rẹ̀ sókè-sódò máa ń wà létí ọ̀sà Èkó àti létí odò inú ìgbèríko. Greenshank, whimbrel, grey plover àti sanderling náà ń dé etíkun wa, torí ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà láti àríwá ayé sọ̀kalẹ̀ lọ sí Áfíríkà. Àwọn black-tailed godwit ti Thames, Iceland ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá, àríwá sì ni wọ́n ń padà sí. Àwọn tó ń pamọ ní Netherlands ló ń lọ sí oko ìrẹsì Senegal àti Guinea-Bissau.

Omi Èkó kì í ga ju nǹkan bíi mítà kan lọ láàárín fífà àti kíkún rẹ̀, nígbà tí ti London Bridge lè tó nǹkan bíi mítà méje. Nítorí náà, ẹ má retí irú ẹrẹ̀ gbalasa yìí nílé. Ṣùgbọ́n ẹ mú awò yín dání tí ẹ bá ń lọ. Nigerian Bird Atlas Project, tí ilé ẹ̀kọ́ ẹyẹ APLORI ní Jos wà nídìí rẹ̀, ń gba àkọsílẹ̀ ẹyẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ṣé kò léwu? Ṣé mo lè rìn lórí ẹrẹ̀?

Ẹ má rìn lórí ẹrẹ̀ rárá. Ẹ dúró lórí ògiri odò tàbí ojú ọ̀nà. Ẹrẹ̀ Thames lè mú yín dé itan, omi sì máa ń gba àwọn ipa tóóró tó wà lẹ́yìn yín wọlé kí ẹ tó rí i níwájú. Ní Foulness, ọ̀nà kan wà lórí ẹrẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Broomway; ó ti pa ènìyàn púpọ̀ láti ayébáyé, ilẹ̀ àwọn sójà sì ni. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́ yín sọ́nà. Bí ẹ bá rí ẹni tí ẹrẹ̀ mú, ẹ pe 999 kí ẹ ní Coastguard, àwọn tó ń gba ẹ̀mí là létíkun, ni ẹ ń fẹ́. Ẹ má wọlé lọ bá a.

Afẹ́fẹ́ etí odò mú ju ti inú ìgboro lọ. Aṣọ mẹ́ta lórí ara wọn, fìlà tó bo etí, ìbọ̀sẹ̀ onírun, kí ẹ sì gbé nǹkan gbígbóná dání.

Èmi nìkan ni màá jẹ́ aláwọ̀ dúdú níbẹ̀. Ṣé wọn ò ní máa wò mí?

Àwọn kan lè wò yín. Púpọ̀ jù nínú wọn á kí yín, wọ́n á sì bi yín pé kí lẹ ti rí. Ní 2020, Ollie Olanipekun àti Nadeem Perera dá Flock Together sílẹ̀ ní London, ẹgbẹ́ tó ń kó àwọn ènìyàn aláwọ̀ jáde lọ wo ẹyẹ. Bí ẹ kò bá fẹ́ dá nìkan bẹ̀rẹ̀, ẹ bá wọn rìn ná. Odò náà kò ní ẹni tó ni ín ju ẹlòmíràn lọ.

Báwo ni mo ṣe lè súnmọ́ wọn tí wọn kò ní fò?

Ẹ kò ní súnmọ́ wọn. Àwọn ni yóò súnmọ́ yín. Ẹ ti jókòó kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn bọ̀. Ẹ jókòó sílẹ̀, kí ohun kan wà lẹ́yìn yín, igbó tàbí ògiri, kí ara yín má bàa yọ lójú ọ̀run. Ẹ má fi ọwọ́ júwe, ẹ má sì dìde nígbà tí wọ́n bá wà nítòsí. Mo mọ̀ pé ó ṣòro fún ẹni tí òtútù ń mú, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀tàn kankan tó ju jíjókòó jẹ́ẹ́ lọ.

Ẹ kọ́ àmì wọn. Bí ẹyẹ tó ń jẹun bá gbé orí sókè tó sì dúró ṣánṣán, ẹ ti súnmọ́ jù. Bí redshank bá ń fi orí ṣe gọ̀ngọ̀ sókè-sódò, ẹsẹ̀ kan sí i, á fò. Ẹ dúró síbẹ̀, tàbí kí ẹ padà sẹ́yìn.

Mi ò fi èyí ṣeré rárá. Nínú òtútù January, wákàtí díẹ̀ péré ni ẹyẹ ní láti jẹun kí omi tó bo oúnjẹ rẹ̀. Nígbà tí omi bá kún, ìsinmi ló ń fi tọ́jú ọ̀rá ara rẹ̀. Ẹni tó bá lé wọn dìde nítorí fọ́tò ti gba oúnjẹ lẹ́nu wọn, bí ajá ti ṣe, bí drone ti ṣe. Ẹ má fi fóònù kọ orin wọn láti tàn wọ́n wá. Kò sí fọ́tò tó tó bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tí gbogbo ẹyẹ mi fi ń ṣókùnkùn nínú fọ́tò?

Ẹ̀gbẹ́ odò tí ẹ dúró sí ló fà á. Láàárín ọjọ́, gúúsù ni oòrùn wà nílẹ̀ yìí, ó sì máa ń lọ sílẹ̀ gan-an ní ìgbà òtútù. Bí ẹ bá dúró ní Southend, Leigh tàbí lórí ògiri Rainham, gúúsù lẹ kọjú sí, oòrùn wọ inú lẹ́ǹsì yín. Bí ẹ bá dúró ní Crossness tàbí ní etíkun Kent, àríwá lẹ kọjú sí, oòrùn wà lẹ́yìn yín, ó tàn sára ẹyẹ. Ọ̀pọ̀ ń ra lẹ́ǹsì tuntun nítorí ohun tí wọn ì bá fi sísọdá odò yanjú.

Bí ẹ bá fẹ́ Southend dandan, ẹ lọ ní kùtùkùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́, tàbí kí ẹ dúró lórí afárá kí ẹ kọjú padà sí etíkun.

Báwo ni kí n ṣe to kámẹ́rà?

Fún ẹyẹ tó ń fò, ẹ fi shutter, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí tó sì ń pa dé, sí 1/2000 ìṣẹ́jú-àáyá. Fún èyí tó ń rìn, 1/1000 tó. Ẹ ṣí lẹ́ǹsì débi tó lè ṣí dé, àfi tó bá jẹ́ agbo ńlá, tí f/8, ìyẹn ihò lẹ́ǹsì tó kéré díẹ̀, á dára fún. Ẹ fi ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó, sí Auto, ẹ má bẹ̀rù fọ́tò tó ní yanrìn díẹ̀. Fọ́tò tó mì kò ní àtúnṣe.

Ẹrẹ̀ dúdú máa ń tan kámẹ́rà jẹ. Ó máa rò pé ìmọ́lẹ̀ kò tó, á fi kún un, ìyẹ́ funfun avocet á sì jó dànù. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù sí −0.7 tàbí −1. Bí ẹyẹ bá ń fò lójú ọ̀run tó funfun, ìdàkejì ni: ẹ fi +1 sí i. Ẹ sì gbé kámẹ́rà sílẹ̀ tó ojú ẹyẹ, níbi tí kò bá ti léwu. Ẹ fi aṣọ tútù nu iyọ̀ kúrò lára rẹ̀ tí ẹ bá délé.

Lẹ́ǹsì mi dára, ọwọ́ mi kò mì, síbẹ̀ fọ́tò kò mú. Kí ni?

Ooru ilẹ̀ ni. Oòrùn ń mú ẹrẹ̀ gbóná ju afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ méjèèjì á sì máa jó níwájú lẹ́ǹsì. Ó ń ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ òtútù tí oòrùn mú pàápàá. Lẹ́ǹsì tó gùn jù á wulẹ̀ fa ijó náà súnmọ́ ni. Ẹ lọ ní kùtùkùtù tàbí ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run ṣú, ẹ má ya ohun tó jìnnà, ẹ má sì yà á láti ojú fèrèsé mọ́tò tí ẹ ti tan ooru sí.

Bó bá jẹ́ pé ẹyẹ mú ṣùgbọ́n apá rẹ̀ tẹ̀ lọ́nà tí kò bójú mu, ẹ wò ó bóyá electronic shutter lẹ ń lò. Ìlà kan tẹ̀lé ìkejì ló ń ka àwòrán, apá á sì ti kúrò níbi tó wà kó tó kà á tán. Ẹ yí i sí mechanical.

Godwit méjèèjì ń dà mí lọ́kàn rú. Báwo lẹ ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀?

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fò. Black-tailed ní ìlà funfun gbòòrò lójú apá, ìdí funfun, ìrù dúdú. Bar-tailed kò ní ìlà lójú apá, ìrù rẹ̀ sì ní ọnà tóótòòtóó. Bí wọ́n bá dúró, ẹ̀yìn black-tailed ní ìgbà òtútù jẹ́ eérú kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn lókè oríkèé. Ẹ̀yìn bar-tailed ní àbàwọ́n bíi ti curlew, àgógó rẹ̀ sì tẹ̀ sókè díẹ̀. Bí ẹ bá wà ní Crossness, black-tailed ni ẹ ó sábà rí. Bar-tailed fẹ́ràn ìta gbangba tó súnmọ́ òkun.

Ẹ má fojú kékeré wo bar-tailed yìí. Ní 2022, ọ̀kan tí wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ fò láti Alaska dé Tasmania, kìlómítà 13,560, ní ọjọ́ mọ́kànlá, kò bà rárá.

Mo rí ìtẹ́. Ṣé mo lè yà á?

Ẹ kúrò níbẹ̀. Òfin Wildlife and Countryside Act ti 1981 dáàbò bo gbogbo ìtẹ́ ẹyẹ tí wọ́n ń lò. Fún àwọn kan, avocet àti little ringed plover wà lára wọn, dídí wọn lọ́wọ́ nídìí ìtẹ́ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, àfi tí ẹ bá gba ìwé àṣẹ. Bí lapwing bá ń bẹ́ lé yín lórí pẹ̀lú igbe, ọmọ rẹ̀ wà nítòsí. Ẹ má sọ ibi ìtẹ́ fún ẹnikẹ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Fọ́tò mi fi òrùka aláwọ̀ hàn lẹ́sẹ̀ ẹyẹ kan. Kí ni mo máa ṣe sí i?

Inú mi máa ń dùn tí mo bá gbọ́ ìbéèrè yìí, torí ibẹ̀ ni fọ́tò ti ń di ẹ̀rí. Slender-billed curlew, tí wọ́n rí kẹ́yìn láìsí àríyànjiyàn ní Merja Zerga ní Morocco ní February 1995, ti wọ ìwé IUCN, àjọ tó ń kọ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu sílẹ̀, báyìí gẹ́gẹ́ bí ẹyẹ tó ti run. Curlew tiwa náà ti dín kù ní nǹkan bí ìdajì ní Britain láti àárín àwọn ọdún 1990. Kíkà wọn àti mímọ̀ ibi tí wọ́n ń lọ ni ìbẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú wọn. Òrùka ló jẹ́ ká mọ̀ pé oystercatcher lè lò ju 40 ọdún lọ láyé.

Ẹ kọ ọjọ́, àkókò àti ibi tí ẹ ti rí i. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ òsì: òsì ẹyẹ fúnra rẹ̀ ni o, kì í ṣe èyí tó wà lápá òsì yín nígbà tó kọjú sí yín. Ẹ kọ àwọ̀ tó wà lókè oríkèé láti òkè wá sísàlẹ̀, lẹ́yìn náà èyí tó wà nísàlẹ̀ oríkèé, kí ẹ tó bọ́ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Bí lẹ́tà bá wà lára rẹ̀, ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí, àwọ̀ lẹ́tà náà pẹ̀lú. Ohun tí kò bá dá yín lójú, ẹ sọ pé kò dá yín lójú. Ẹ fi ránṣẹ́ sí BTO (British Trust for Ornithology), ẹgbẹ́ tó ń kó àkọsílẹ̀ ẹyẹ jọ ní Britain. Wọn á dá a padà sọ́dọ̀ ẹni tó so òrùka náà, ẹni yẹn á sì sábà kọ ìtàn ẹyẹ náà sí yín: ibi tí wọ́n ti so ó, ọjọ́ tí wọ́n so ó, àti gbogbo ibi tí ojú ti rí i kó tó dé iwájú lẹ́ǹsì yín.